Ìwà Mímọ́ Láàárín Ọ̀sẹ̀: Ìgbé Ayé Kristẹni ní Àbújá

Inú ọkàn ni ìwà mímọ́ Kristẹni ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí Orin Dáfídì 24 fi dárúkọ ọwọ́ àti àyà pọ̀ nígbà tó ń sọ irú ẹni tó lè dúró níwájú Olúwa. Nínú Mátíù orí 23, Jésù bá àwọn Farisí wí gidigidi nítorí pé ìta ni wọ́n ń fọ̀, ìwọra sì kún inú wọn.

Ìdánwò ẹ̀kọ́ yìí kì í wọ́n ní Àbújá. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 tó ti di olú-ìlú Nàìjíríà dípò Èkó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín owó orílẹ̀-èdè, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí iṣẹ́ àgbàṣe ńláńlá. Ṣọ́ọ̀ṣì sì pọ̀ níbẹ̀ láti àárín ìlú dé Kúbwà àti Nyanya. Ọwọ́ tí ènìyàn gbé sókè láti fi yin Ọlọ́run lọ́jọ́ Àìkú ni yóò di fáìlì mú lọ́jọ́ Ajé.

Ẹni tó ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kì í sábà pè é lórúkọ. Owó obì ló ń pè é, tàbí owó ọkọ̀. Fáìlì á wà lórí tábìlì títí ẹni tó ni ín yóò fi wá rí ọ̀gá. Òṣìṣẹ́ á gba owó ìrìnàjò sí Kánò láìkúrò ní Wuse, ní Àbújá níbí. Ẹlòmíràn á dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù kí ìfẹ̀yìntì má bàa tètè dé. Olè àti irọ́ ni gbogbo wọn. Láti gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ìjọba dá àjọ ICPC sílẹ̀ ní 2000, àjọ EFCC sì tẹ̀ lé e ní 2003, ṣùgbọ́n ohun tí àṣírí rẹ̀ bá tú nìkan ni òfin lè mú. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ láéláé ló ń fi ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ hàn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, fi èyí hàn. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ PTF, àjọ ìjọba tó ń ná owó epo rọ̀bì, wọ́n fún un lówó láti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò nílò rẹ̀, ó sì dá 12,000 pọ́n-ùn padà. Ìròyìn ìwà yìí wà lára ohun tó mú kí Ààrẹ Ọbásanjọ́ fi í ṣe olórí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ní 2001. Níbẹ̀ ló ti gbógun ti ayédèrú oògùn, kò sì yẹsẹ̀ kódà nígbà tí àwọn agbébọn yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀ ní 2003. Ìwà mímọ́ ẹnì kan gba ẹ̀mí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí là.

Ara náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Àbújá ló fi ọkọ tàbí aya sílẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó. Pípe ilé lálaalẹ́, lílọ sílé déédéé, àti yíyẹra fún ìkọ̀kọ̀ tó ń bí ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ààbò gidi. Ọ̀gá tó jẹ́ Kristẹni kò gbọdọ̀ fi ipò rẹ̀ wá ìbálòpọ̀ lọ́dọ̀ agùnbánirọ̀ tàbí ẹni tó ń wáṣẹ́.

Ẹni tó ti ṣubú lè dìde. Sákéù agbowó-orí, nínú Lúùkù orí 19, ṣèlérí láti san ohun tó rẹ́ gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìrònúpìwàdà tòótọ́ ń dá ẹrù olóhun padà. Fífi ìdámẹ́wàá owó olè sínú àpótí kò lè sọ ìyókù di mímọ́; Diutarónómì orí 23 ti kọ̀ pé kí wọ́n fi owó iṣẹ́ aṣẹ́wó san ẹ̀jẹ́ nílé Ọlọ́run.

Ojúṣe ìjọ kò kéré níbi yìí. Bí ó bá ń bọlá fún akọ̀wé tó ń fi owó oṣù tó mọ́ gbé yàrá kan ní Kúbwà gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bọlá fún olówó, yóò rọrùn fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti kọ owó tí kò tọ́ sí wọn.