Ìta Ni Wọ́n Ti Ń Tan Ẹ̀rọ Agbóòórùn Gáàsì

Láràárọ̀, kí oníṣẹ́ gáàsì kan ní ìlú Ọ̀wọ̀ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìta gbangba ló ti ń tan ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń so mọ́ bẹ́líìtì. Ẹ̀rọ náà á dún lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà á sáré lójú rẹ̀, á sì dúró sórí òdo. Ìgbà yẹn ló tó ń ṣí àgádágodo. Ó ní bí òun bá tàn án nínú ṣọ́ọ̀bù tí gáàsì ti jò sí lóru, ẹ̀rọ lè ka afẹ́fẹ́ burúkú sí afẹ́fẹ́ rere, kó sì máa parọ́ títí di alẹ́.

Kò bá ẹ̀rọ nídìí iṣẹ́ yìí. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, igi ìdáná àti èédú láti agbègbè Ọ̀sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń dáná, àwọn mìíràn ń lo sítóòfù kẹrosíìnì. Imú àti ọṣẹ ni irinṣẹ́ àyẹ̀wò. Ọ̀gá rẹ̀ á po Omo mọ́ omi nínú abọ́, á fi kànìnkànìn pa á sí ẹnu fálífù àti ìdí hóòsì. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Àwọn kan máa ń ṣáná sí i láti fi wò ó. Ọ̀gá rẹ̀ kò gbà fún ọmọ iṣẹ́ kankan.

Wíwá gáàsì tí ojú kò rí ti pẹ́ láyé. Ní 1815, Humphry Davy ṣe àtùpà fún àwọn awakùsà èédú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí gáàsì bá wà níbẹ̀, iná inú àtùpà á yí padà. Ní nǹkan bí 1926, Oliver Johnson ṣe ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì ní California. Ní 1937, gáàsì tí kò lóòórùn bú gbàmù ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní New London, Texas, ó sì pa èèyàn tó súnmọ́ 300. Ìyẹn ló mú òfin jáde níbẹ̀ pé kí wọ́n máa fi èròjà olóòórùn sí gáàsì. Gáàsì fúnra rẹ̀ kì í rùn tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ imú.

Ní Ìfọ́n, ìyá olóúnjẹ kan ránṣẹ́ pè é pé sìlíńdà òun ń tètè tán. Ó bá a pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́, ó fẹ́ gbé ìkòkò kaná.

"Màmá, ẹ ò gbọ́ òórùn?"

"Òórùn wo, ọmọ mi?"

Láti àárọ̀ ló ti ń fa á símú, imú ti bá a mọ́ra. Ní ìwọ̀n àyà, ẹ̀rọ kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó gbé e sún mọ́ ilẹ̀, ó han gooro, nítorí gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ó gba ìṣáná, ó ti fálífù, ó ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan súìṣì. Ìgbà tí ẹ̀rọ padà sí òdo ló tó fi ọṣẹ wá ibi tó ń jò. Eku ti gé hóòsì jẹ lẹ́yìn àpótí.

Ó ti rí i pé ẹ̀rọ náà lè kú lójú wa. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan fi oògùn tó ń mú táyà dán nù ún. Sílíkónì inú rẹ̀ pa ojú tí ẹ̀rọ fi ń mọ gáàsì. Iná ń tàn, bátìrì kún, òdo ló ń kà. Gáàsì ìdánwò, tí wọ́n ti kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára agolo, ló tú àṣírí náà: ó fẹ́ ẹ sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ kò dún. Kì í fi láítà dán an wò, nítorí gáàsì rẹ̀ pọ̀ jù, ó sì lè ba ojú náà jẹ́. Lásìkò ọyẹ́, ó máa ń yẹ àsẹ́ ẹnu ẹ̀rọ wò, kí eruku má dí i.

Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kan ń dún fún ogógóró àti lọ́fínńdà pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí àwọn onílé fi ń pa wọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí, ẹ ra gáàsì ìdánwò rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ tàn án níta kí ẹ tó wọlé, ẹ sì gbé e sún mọ́ ilẹ̀. Ẹ má ṣe da omi ọṣẹ yín nù.