Ìkíni Ló Ṣáájú Fọ́tò

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, àsìkò ìkórè ti dé sí àwọn oko tó yí Kubwa ká ní Abuja. Wọ́n ti ń wa iṣu, ọkà bàbà náà ń gbó bọ̀. Àwọn ọmọ wa tó ní fóònù lọ́wọ́ sì ti mọ̀ pé ìgbà tí oòrùn bá ń yọ ni oko máa ń dára wò jù nínú fọ́tò. Bí ọmọ bá bẹ̀ yín pé kí ẹ mú òun lọ sí ọ̀nà Ushafa tàbí Bwari ní ìdájí, ẹ má kọ̀ fún un. Ẹ bá a lọ ni, nítorí ọmọdé kò gbọdọ̀ dá wọ oko olóko. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jáde, ẹ ti kọ́ ọ pé ẹni tó wà lóko, ẹni tí à ń kí ni. Kò sí lára igi àti òkè tí ọmọ ń yà.

Ìdí tí ọmọ fi ń gbàgbé èyí ni pé ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ kì í pẹ́. Bí oòrùn bá wà nísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń la afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá kó tó kàn wá. Afẹ́fẹ́ yìí á fọ́n àwọ̀ búlúù dànù, pupa á ṣẹ́kù, òjìji ebè á sì nà gbọọrọ sínú poro. Ní ìparí oṣù Kẹwàá, nǹkan bí aago 6:20 ni oòrùn ń yọ lọ́dọ̀ wa. Kò ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò fi funfun. Ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà nílé á wá sáré bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò, á na fóònù sójú ìyá oníyàá láìtíì la ẹnu. Ojútùú rẹ̀ kò le: ẹ tètè jí. Ẹni tó bá dé oko kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò ráyè kí ènìyàn, oòrùn á sì bá a níbẹ̀.

Ó tún yẹ kí ọmọ mọ ẹni tó ni ilẹ̀ tí òun wà. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Gwari, la wà yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 1976 ni ìjọba Murtala Muhammed ṣe òfin tó ya Abuja sọ́tọ̀ fún olú-ìlú tuntun. A kó ọ̀pọ̀ wọn kúrò níbi tí ìgboro wà lónìí, àwọn kan nínú wọn sì tẹ̀dó sí Kubwa. Àlejò wọn ni wá. Ẹ mú owó ogún náírà fi han ọmọ: Murtala wà níwájú, Ladi Kwali, amọ̀kòkò ọmọ Gwari, wà lẹ́yìn. Kí ọmọ mọ̀ pé gbogbo ojú tó wà nínú fọ́tò ló ní orúkọ àti iṣẹ́ bíi tirẹ̀. Èjìká ni àwọn obìnrin Gbagyi fi ń ru ẹrù, wọn kì í gbé e lé orí, nítorí wọ́n ń bọlá fún orí. Ohun tí ọmọ wa máa ń fẹ́ yà jù nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ohun ọ̀wọ̀ ni lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín.

Nítorí náà, kí ọmọ kọ́kọ́ kí wọn: “Sannu da aiki.” Hausa tí gbogbo wa ń gbọ́ ní Kubwa tó ìkíni. Kó tọrọ àyè. Bí wọ́n bá ní rárá, kó dúpẹ́, kó dojú fóònù kọ òkè. Bí wọ́n bá gbà, kó fi fọ́tò náà hàn wọ́n, kó sì béèrè bóyá òun lè gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó má kọ orúkọ ibi tí wọ́n kó iṣu jọ sí, torí olè. Inú poro ni kó máa gbà, kó má tẹ ebè. Ẹ ra iṣu lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó padà. Bí ẹ bá tún ń kọjá lọ́jọ́ mìíràn, ẹ tẹ fọ́tò náà sórí bébà, kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwa òbí náà ń ya ọmọ tó ń sunkún, à ń ya èyí tó ń wẹ̀, a sì ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ láì bi ọmọ léèrè. Ohun tí ọmọ ń rí nílé ló ń gbé lọ sí oko. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n pé, “Ṣé kí n yà ọ́?” Bí ọmọ bá ní rárá, ká gbé fóònù sílẹ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ti gba rárá lẹ́nu rẹ̀ rí kò ní bínú nígbà tí àgbẹ̀ bá sọ ọ́ fún òun náà.