Òsúkè Ọkọ̀ Mi

Ìgbà tí ọkọ̀ mi kọ́kọ́ ṣe òsúkè, iwájú Novare ní Ṣàngótẹ̀dó ni mo wà, mò ń dúró de ọ̀rẹ́ mi tó wọlé lọ ra búrẹ́dì. Mi ò pa ẹ́ńjìnnì, AC ń ṣiṣẹ́, èmi ń tẹ fóònù. Ọkọ̀ kàn gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún gbọ̀n. Mo ní epo burúkú ni. Ṣé ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2022, tí wọ́n kó epo tí mẹtanọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú ẹ̀ wọ ìlú? Láti ìgbà yẹn, epo ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí.

Kì í ṣe epo. Lọ́sẹ̀ kejì, iná check engine tàn. Tí mo bá fẹ́ gun afárá Ajah, ọkọ̀ á máa wọ́ bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára ẹ̀ lọ. Láàárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ibẹ̀ ló ti ń burú jù.

Mo gbé e lọ bá Bàbá mẹkáníìkì mi. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọkọ̀ bàbá mi náà, òun ló tún un ṣe títí wọ́n fi tà á. Ó fi sùkúrúdíráfà kan ẹ́ńjìnnì, ó gbé etí lé e bíi dókítà. Ó ní, "Nọ́súlù ni. Ó ti dọ̀tí." Ó tú nọ́súlù, ó fọ̀ ọ́. Ọkọ̀ ṣe dáadáa fún bíi ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní ó ní láti jẹ́ kọ́ìlì. A lọ sí Ládípọ̀, a ra kọ́ìlì. Ó ní púlọ́ọ̀gì. A ra púlọ́ọ̀gì. Ó tún fọ nọ́súlù. Ní gbogbo àkókò yìí, èmi náà ń ra oògùn inú ìgò kékeré yẹn, èyí tí wọ́n ń dà sínú táǹkì epo, tí wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé ó ń fọ inú ẹ́ńjìnnì mọ́ tónítóní. Mo ra mẹ́rin. Owó àjọ tí mo gbà, tí mo fẹ́ fi kún owó ilé, ibẹ̀ ló gbà lọ.

Nígbà tí Bàbá fẹ́ fọ nọ́súlù lẹ́ẹ̀kẹta, ọkàn mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ sí i mọ́. Aládùúgbò mi kan sọ ọ́ síta: "Ó ń jẹ ẹ́ ni o." Mi ò dá a lóhùn, ṣùgbọ́n mi ò sọ pé irọ́ ni.

Aládùúgbò yẹn ló júwe ọmọkùnrin kan fún mi, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó tún ra nǹkan kan." Ó tú páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ó ti kámẹ́rà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà wọ ibẹ̀, àwòrán ń jáde lórí fóònù ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọ ìkòkò àsè rí, ìkòkò tí wọ́n fi igi dáná sábẹ́ ẹ̀ láti òru mọ́jú, ẹ mọ bí ìdí ẹ̀ ṣe máa ń rí. Ohun tí mo rí nìyẹn. Ó dúdú, ó ki, ó ti wú sókè síbí sọ́hùn-ún, mi ò rí irin kankan lábẹ́ ẹ̀.

Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi rèé. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó sì ní èyí tí èéfín ń gbà jáde. Ilẹ̀kùn yẹn là ń pè ní fáàfù. Láyé Peugeot 504, inú kábúrétọ̀ ni epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, wọ́n á wá jọ gba ẹnu fáàfù wọlé. Nígbà tí nọ́súlù dé, ẹ̀yìn fáàfù náà ló ń fọ́n epo sí. Bẹntiróòlù sì máa ń bó ọ̀rá, ẹni tó bá ti fi fọ ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rí mọ̀. Nítorí náà, bí ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni epo ń bá a wẹ fáàfù, ẹnikẹ́ni ò rò ó sí iṣẹ́.

Ní 1996, Mitsubishi ní Jàpáànù gbé ẹ́ńjìnnì kan jáde tó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà. Wọ́n pè é ní GDI. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń ṣe irú ẹ̀ báyìí, torí kì í fi epo ṣòfò, ó sì lágbára. Nọ́súlù àtijọ́ ń fi agbára bíi bar 3 tàbí 4 fọ́n epo. Tàwọn tuntun yìí lè tó 200, òmíràn tó 350. Ó dáa. Àmọ́ epo ò kan ẹ̀yìn fáàfù mọ́. Ohun tó ń kàn án ni afẹ́fẹ́ àti èéfín ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì máa ń mí, wọn ò sì gbà kó mí síta kó má ba ba afẹ́fẹ́ ìlú jẹ́, kó gbé èémí ara ẹ̀ mì padà ni. Ọ́ìlì inú èémí yẹn ń lẹ̀ mọ́ fáàfù tó gbóná, ó ń yan, ó ń di èédú. (Toyota ti rí i tipẹ́: láti 2005 ni wọ́n ti ń fi nọ́súlù méjì sí sílíńdà kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn fáàfù.)

Mo ní kó má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo pe Bàbá.

Ṣé kí n sọ òótọ́? Apá kan lára mi fẹ́ kí ojú tì í. Ó dé, ó wọ gíláàsì ẹ̀, ó wo fóònù yẹn pẹ́.

"Ṣé epo kì í dé ibẹ̀ rárá ni?"

"Kì í dé ibẹ̀, sà."

"Kí ló wá ń fọ̀ ọ́?"

"Kò sí, sà."

Bàbá bọ́ gíláàsì. Ó ní, "Gbogbo èyí tí mo wá fọ̀ yìí ńkọ́?" Ọmọkùnrin yẹn ń wo ilẹ̀. Èmi náà ń wo ilẹ̀. Ojú tì í lóòótọ́, kò sì dùn mọ́ mi bí mo ṣe rò. Ọkùnrin yìí ò jẹ mí. Iṣẹ́ tó ti wo ọkọ̀ sàn fún ọgbọ̀n ọdún ló ṣe, ọkọ̀ ló yí padà, kò sì sẹ́ni tó wá sọ fún un. Lọ́jọ́ kejì ó fi 15,000 náírà ránṣẹ́ sí mi, ó ní owó iṣẹ́ ẹ̀ ni. Mo gbà á. Mo ṣì máa ń rò ó bóyá ó yẹ kí n gbà á.

Torí tó bá jẹ́ ẹ̀bi là ń pín, tèmi ló pọ̀ jù. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu ní owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Epo tí kò tó 200 náírà di 488 ní Èkó kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Mo bá ṣòfin fún ara mi. Mi ò lọ sí V.I. mọ́, ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ kì í kọjá ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àti Novare, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́fà. Ẹ́ńjìnnì kì í gbóná dáadáa kí n tó pa á, omi àti epo tí kò jó ń ṣàn wọ inú ọ́ìlì, èémí ẹ̀ ń burú sí i. Tó bá sì jẹ́ pé mo dúró de èèyàn, mi ò ní pa á, nítorí AC. Ọ́ìlì tó yẹ kí n pààrọ̀ lóṣù mẹ́fà lo ọdún kan àti ààbọ̀. Nígbà tí mo sì máa rà á, èyí tí wọ́n ń bù nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni mo rà. Mo rò pé owó ni mò ń ṣọ́.

Fífọ̀ ọ́ gba ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Lókè òkun, èèpo awùsá tí wọ́n lọ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ́n sí i. Kì í ṣe awùsá tiwa tí wọ́n ń sè tà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajah o, tòyìnbó ni. Ó le tó èyí tó lè há èédú, kò le tó èyí tó lè ha irin. Tiwa, kẹ́míkà àti búrọ́ọ̀ṣì ni. Ó pa fáàfù dé, ó rẹ ẹ́, ó há a, ó fa ìdọ̀tí ẹ̀ jáde, ó tún rẹ ẹ́. Nígbà tí mo ta á, kò ṣe òsúkè kankan.

Báyìí, mo ti wo ìwé ọkọ̀ náà, nọ́ńbà ọ́ìlì tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni mò ń rà, full synthetic, torí kì í tètè di èéfín. Tó bá pé 5,000 kìlómítà tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, mo ti pààrọ̀ ẹ̀. Fáàfù kékeré tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, tí wọ́n ń pè ní PCV, mo pààrọ̀ òun náà. Kò wọ́n rárá. Oògùn inú ìgò yẹn, kì í ṣe pé kò wúlò o: ó lè fọ ẹnu nọ́súlù àti orí písítìn, torí epo ń dé ibẹ̀. Ẹ̀yìn fáàfù ni kò lè dé láéláé. Àwọn kan tún máa ń ní kí n máa sá eré kí èédú lè jó dànù. Èyí tó ti dì kì í jó bẹ́ẹ̀. Ìrìn tó gùn ń gbẹ ọ́ìlì ni, kí òmíràn má bàa tètè kóra jọ. Nítorí náà, mi ò jáde lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ mọ́, mò ń kó gbogbo iṣẹ́ pọ̀ sí ìrìn kan, tó bá sì di àárọ̀ Sátidé, mo máa ń wa ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ ra ẹja.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá pè mí. Ó kí mi tìdílé-tìdílé, ó béèrè màmá mi, ó wá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kámẹ́rà ọjọ́sí yẹn, èló ni wọ́n ń tà á?" Mo ní kó jẹ́ kí n bá òun béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn. Ó ní rárá o, kí n má bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀, kí n sáà bá òun wò ó lórí fóònù.