Ìjàpá Pẹ̀lú Ń Fẹ́ Omi

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, bí ẹ bá ń sin ìjàpá nínú àgbàlá yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Inú ààlọ́ ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ mọ ọkọ Yánníbo. Ti inú ààlọ́ kì í ṣàì rí ọgbọ́n dá sí ọ̀ràn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ti inú àgbàlá kò lè ṣí ìdérí àmù.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà àti ọmọdé pé ìjàpá kì í mu omi, pé ìrì àti omi ara ewé ti tó o. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrì tí ó wà nínú igbó kò sí lórí sìmẹ́ńtì ilé wa, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ìjàpá rẹ̀ fún mi tọ́jú, nítorí pé ó ń padà sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń sùn sí. Bàbá rẹ̀ ni ó bá a mú un bọ̀ láti oko, bàbá náà sì ti di olóògbé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹrù kékeré. Nígbà tí mo gbà á, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, awọ ọrùn rẹ̀ hunjọ, kò sì wo ìbẹ́pẹ tí mo gbé ka iwájú rẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Òùngbẹ ni, ni dókítà wí; kí n máa fi sínú omi lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kò tilẹ̀ yọ orí. Ní ọjọ́ kẹta, ó na ọrùn, ó ki ẹnu bọ omi, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò bíi ti ọmọ tí ó ń mu ọyàn. Lẹ́yìn náà ni ohun funfun kan jáde lára rẹ̀, ó dàbí ẹfun tí a pò, ó sì ní yanrìn-yanrìn nínú. Ẹ má ṣe bẹ̀rù bí ẹ bá rí i; ìdọ̀tí ìtọ̀ ni. Inú àpò ìtọ̀ ni ìjàpá ń tọ́jú omi pamọ́ sí. Bí kò bá rí òmíràn mu, kò ní fẹ́ tọ̀, ohun funfun náà yóò sì máa le títí yóò fi di òkúta, èyí tí ó lè pa á. Nígbà tí ọmọ náà dé fún ọlidé, ìjàpá rẹ̀ ti ń já ìbẹ́pẹ gbà lọ́wọ́ mi.

Bàsíà tí kò jìn ni kí ẹ lò, kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó má sì ga ju àgbọ̀n rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìjàpá kò mọ omi í wẹ̀. Bí omi bá bo orí rẹ̀, ó lè kú. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 tó o. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lọ ro ọbẹ̀. Ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó gbé e padà sí ibi tí ó móoru. Èyí tí ó ti dàgbà, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kéékèèké ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yà inú igbó wa, èyí tí ẹ̀yìn igbá rẹ̀ ń pa dé bí ilẹ̀kùn, fẹ́ràn ibi tútù àti òjìji. Ó ti ń ṣọ̀wọ́n nínú igbó báyìí, nítorí náà n kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lọ rà á lọ́jà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọwọ́, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ìjàpá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè ní kòkòrò àrùn Salmonella lára, èyí tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà, ó sì le púpọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó bá gbé e, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ da omi rẹ̀ sí, kì í ṣe ibi tí ẹ ti ń fọ abọ́. Bàsíà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ fi ń wẹ ọmọ. Pupa ni ti ilé wa. Mo fi irin gbígbóná sàmì sí etí rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni ó sì ń sùn.