Ta Ló Fi Ìhàlẹ̀ Gba Idà?

Bí àkókò ìdíje ìjàkadì tí wọ́n ń torí idà jà bá ti dé ní Niger, ọ̀rọ̀ kokowa, ìjàkadì ìbílẹ̀ wọn, ló máa ń gbẹnu kan ní Niamey, láti ọjà títí dé àdúgbò Koira Kano. Àríyànjiyàn kan wà níbẹ̀ tí kì í tán: ṣé ìhàlẹ̀ tó ń ṣáájú ìjàkadì máa ń ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́? Oníjàkadì á so tírà aláwọ mọ́ra, onílù á máa fi ìlù ki oríkì rẹ̀, òun náà á máa yan káàkiri pápá, á máa fọ́nnu. Lójú tèmi, òǹwòran àti onílù ni gbogbo èyí ń ṣe láǹfààní. Kì í gbé alátakò ṣubú. Láti 1975 tí ìdíje yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Tahoua ni idà ti wà fún ẹnì kan ṣoṣo. Lónìí, ẹkùn 8 ló ń kópa, oníjàkadì 10 sì ń ti ẹkùn kọ̀ọ̀kan wá. Àwọn 80 yìí ló ní onílù lẹ́yìn, tírà ò sì wọ́n lára wọn, síbẹ̀ 79 ń padà sílé láìrí idà gbà. Ohun tí ẹni tó dá èèyàn àti ẹni tí wọ́n dá jọ ní, báwo ló ṣe máa jẹ́ ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀? Ẹ wò wọ́n nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, tí orí fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí, tí ọwọ́ ń wá ibi tí yóò dì mú. Ẹni tó bá tètè ráyè ki ẹsẹ̀ bọ ẹ̀yìn orúnkún ẹnì kejì ló ń jàre. Kadri Abdou ará Dosso, tí wọ́n ń pè ní Issaka Issaka, gba idà náà léraléra, àwọn tí òun ṣẹ́gun náà kò sì ṣaláì ní onílù tiwọn.

Irú ìgbàgbọ́ yìí, pé ìhàlẹ̀ ń ranni lọ́wọ́, wà nínú họ́kì orí yìnyín ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ìjà ìkúùkù ń ta ẹgbẹ́ tó ti rẹ̀ jí. Ṣùgbọ́n bí méjì bá jà nínú líìgì NHL, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni àwọn méjèèjì fi ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, iye tó kù lórí yìnyín á sì dọ́gba bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó gbà pé ìjà ń ṣiṣẹ́ kì í gbàgbé March 26, 1997: Darren McCarty ti Detroit lu Claude Lemieux ti Colorado bí ẹni lu bàrà, òun kan náà ló gbá góòlù tó fún Detroit ní 6-5, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ife ọdún náà. Ẹ̀rí tó dùn létí ni. Àmọ́ Colorado náà jà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àní gólì wọn, Patrick Roy, bá gólì Detroit wọ̀yá ìjà. Kí ló dé tí ìkúùkù tiwọn ò jí wọn? Detroit ti dé àṣekágbá ní 1995, nígbà tí ìjà yìí kò tíì sí rárá.

Ẹnìkan lè sọ pé ìbẹ̀rù ti ń dá ènìyàn kí wọ́n tó dì í mú. Mo gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀dọ́ tó ń wọ pápá nígbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ nínú ìdíje. Àwọn tó kù títí dé ìparí ti gbọ́ ìhàlẹ̀ títí ó ti sú wọn. Ní Senegal, níbi tí òfin ti gba ìkúùkù láyè nínú ìjàkadì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: wọ́n ń kọ́ ọ bí ẹni kọ́ṣẹ́, ó sì ń dá èèyàn lóòótọ́. Ti họ́kì ló ń dùn mí. Derek Boogaard, tó jẹ́ pé ìjà gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún, kú ní 2011 lẹ́ni ọdún 28. Nígbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò ní Boston, àrùn tí lílu orí léraléra ń fà ni wọ́n bá níbẹ̀.