Kíkọ Àbá Ìwádìí Lórí Ẹ̀kọ́ Èdè

Àbá ìwádìí ni mo jókòó tì láti bí oṣù méjì, èyí tí n ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé lórí bí ọmọdé ṣe ń kọ́ láti ka Yorùbá. Níwọ̀n bí mo ti mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè wà nínú yín, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí iṣẹ́ náà ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni.

Ohun tí ó sábà máa ń jáde lẹ́nu wa ni pé èdè Yorùbá ń kú lọ. Ẹkún ni èyí. Ìbéèrè ni àbá ìwádìí ń fẹ́, ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ lè dùn tàbí kí ó korò lẹ́nu ẹni tí ó bi í. Tèmi kò ju èyí lọ: ǹjẹ́ ọmọ kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò tètè mọ Yorùbá kà bí a bá fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀? Ẹ wo igba, igbá, ìgbà, igbà àti ìgbá. Bí a bá yọ àmì kúrò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú ìwé. Àgbàlagbà yóò fi gbólóhùn mọ èyí tí a ń sọ. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé ńkọ́? Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àmì pọ̀ jù lójú ọmọ, kí ó sì fà á sẹ́yìn. Bí ìwádìí bá fi bẹ́ẹ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ ni n ó kọ ọ́, èmi tí mo fẹ́ràn àmì ohùn bí ojú mi.

Lẹ́yìn ìbéèrè ni àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn aṣáájú. Ta ni yóò kọ irú àbá yìí tí kò ní dúró kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá? Ní 1970 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's, ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6, olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yòókù lo Yorùbá fún ọdún 3, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ àkọ́kọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta ẹgbẹ́ wọn yọ nínú iṣẹ́ yòókù. Nítorí pé wọ́n fi ẹgbẹ́ wé ẹgbẹ́ ni èsì wọn fi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì di ti àtijọ́. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún 6 àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní èdè abínibí wà lára ohun tí ó ń mú ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n òwe kò lè dá a lóhùn, èébú kò sì lè dá a lóhùn. Ẹ̀rí ni yóò dá a lóhùn.

Ibi tí ó le jù fún mi ni ojú-ìwé kan ṣoṣo, ti ìyọ̀ǹda òbí. Mo ṣàlàyé ìwádìí náà fún ìyá kan tí ó ń ta ata nítòsí ilé wa ní Ìbàdàn. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yó kí ẹ tó padà wá Yorùbá. Ọmọ tèmi ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo kọ ọ́ sínú àbá náà pé a kò ní dín wákàtí Gẹ̀ẹ́sì kankan kù, àti pé ní ìparí, ọmọ gbogbo ni yóò gba irú ìwé tí ó bá ṣàǹfààní jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti kọ tiyín, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yín kéré, kí ẹ sì ronú kan ìyá aláta kí ẹ tó ronú kan ọ̀jọ̀gbọ́n. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ire o.