Màámi Tú Gèlè ní Ọ̀wọ̀

Ẹni tó bá máa ná ọjà Ọ̀wọ̀ nínú oṣù kẹsàn-án, kó yáa fi fìlà rẹ̀ sílé. Láti Ìdógùn ni mo ti sọ fún Màámi pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọdún Ìgógo, pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún gbáko ni wọ́n fi ń ṣe é, obìnrin kì í wé gèlè, ọkùnrin kì í dé fìlà. Ó ní òun ti gbọ́. Síbẹ̀, gèlè ni Màámi wé wọ mọ́tò. "Ta ni yóò máa wo orí arúgbó?"

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ló gbé wa jáde. Ìsinmi gígùn ti ń parí lọ, àwọn ọmọ àbúrò mi ò ní báàgì, wọn ò ní bàtà, ọjà tiwa ní Ìdógùn ò sì tóbi débi téèyàn á ti ṣà á bó ṣe wù ú. A gba Ìdóàní já sí Ìpele. Gbogbo èrò ọkọ̀ ló pa lọ́lọ́ lójú ọ̀nà yẹn, nítorí ìròyìn àwọn ajínigbé kì í tán níbẹ̀. Nígbà tá a rí ilé Ìpele ni ẹnu tó là.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ní Ọ̀wọ̀ ni pé n ò gbọ́ ìlù. Ìlú ń ṣọdún, èèyàn kún títì, àmọ́ dùndún ò dún, bàtá ò dún, wọn kì í sì í yìnbọn. Agogo onírin nìkan ni wọ́n ń lù, ìró rẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà ààfin. A ò tíì dé ẹnu Ọjà Ọba tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì fi dá wa dúró. Wọn ò jágbe mọ́ wa o. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tú u." Màámi wò mí bíi pé èmi ni mo rán wọn. Ó tú gèlè, ó ká a, ó tì í sínú àpò. Orí rẹ̀ funfun báláú, ó dirun kólẹ́sẹ̀ sí i. Ó tó ọdún mélòó kan tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀ ní gbangba.

Aláta tá a dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ ló sọ ìtàn ọdún náà fún Màámi, bó ṣe ń bu ata lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀nsẹ̀n ni olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, arẹwà ni, ó sì ní èèwọ̀: a kì í lọ ilá níṣojú rẹ̀, a kì í da omi sí àgbàlá, ẹni tó ti oko dé kì í ju igi ìdáná sílẹ̀ gbì. Àwọn orogún rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà bínú jáde, wọ́n lé e, wọn ò bá a mọ́; gèlè rẹ̀ ni wọ́n rí ní Igbó Lájà. "Òun la ṣe ń ṣí orí," ni aláta wí. Màámi ní, "Orogún! Mo mọ̀ wọ́n." Ó wá ra ilá.

Ààfin ò jìnnà sí ọjà rárá, ìyẹn ló jẹ́ kí ọdún yìí dùn ún wò: ẹni tó ń ná ọjà lè gbójú sókè kó rí ọba. Ọba Ajíbádé Gbádégẹṣin Ògúnoyè Kẹta, tó gorí oyè ní 2019, jáde pẹ̀lú irun dídì, iyùn lọ́rùn àti lọ́wọ́, aṣọ rẹ̀ bíi ti obìnrin, àwọn ìjòyè ń jó tẹ̀ lé e. Àwọn kan máa ń gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi rẹ́rìn-ín. Tèmi ò jọ tiwọn. Ọkùnrin mélòó ló ń ṣe ìrántí aya tó bínú kúrò nílé, ká tó wá sọ ọba tó ń ṣe é lọ́dọọdún fún aya baba ńlá rẹ̀?

Mo fi Màámi sílẹ̀ níbi bàtà, mo yà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968 nínú ọgbà ààfin. Igbó Lájà kan náà tí aláta dárúkọ ni awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo ti wa ilẹ̀ láàárín 1969 sí 1971, tó sì rí àwọn ère amọ̀ tó ti pẹ́ tó nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún. Wọ́n fi ojú jọ ti Ifẹ̀, wọ́n sì fara pẹ́ ti Bìní, bí Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe wà láàárín àwọn méjèèjì. Èkó ni wọ́n kó àwọn tó lókìkí jù níbẹ̀ lọ. Ó dùn mí pé ọmọ Ọ̀wọ̀ gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan l'Ékòó kó tó rí orí tí wọ́n wú jáde lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, Màámi ti ra bàtà mẹ́ta, báàgì méjì àti iṣu tuntun tí a ò torí rẹ̀ wá. Oníbàtà ṣì ń ráhùn pé ìyá yìí ò jẹ́ kóun jèrè. Ní gáréèjì, dẹ́rẹ́bà wo iṣu, ó ní owó rẹ̀ yàtọ̀ sí owó èèyàn.

"Ṣé iṣu náà máa jókòó ni?" Màámi bi í.

"Ìyá, ó máa gba àyè."

"Èmi náà ń gbàyè, o ò sì gbowó méjì lọ́wọ́ mi." Èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Dẹ́rẹ́bà ṣí búùtù, ó gbé iṣu sí i lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ó kó báàgì àwọn ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀ títí dé Ìdógùn.